Ọ̀nà kan kò wọ ọjà: Fóònù ọwọ́ yín lè di rìmóòtù tẹlifíṣàn ṣọ́ọ̀bù yín, àmọ́ ẹ múra sílẹ̀ kí ọjọ́ tó le

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ọjọ́ Sátidé ni. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ti fẹ́ẹ́ lù, bọ́ọ̀lù tí gbogbo àdúgbò ti ń retí láti àárọ̀ sì ti fẹ́ẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ọgọ́ta èèyàn ti wà lórí bẹ́ǹṣì nínú ilé ìwòran bọ́ọ̀lù, oníkálukú wọn ti san N300 lẹ́nu ọ̀nà. Lójijì, iná lọ. Wọ́n sáré tan jẹnẹrétọ̀, dìkódà tàn, tẹlifíṣàn náà tàn, àmọ́ dípò kí pápá bọ́ọ̀lù yọ, “No Signal” ló ń rìn kiri lójú ẹ̀. Ohun tó kù kò ju pé kí wọ́n tẹ bọ́tìnnì kan lára rìmóòtù, kí tẹlifíṣàn lè padà sọ́dọ̀ dìkódà. Rìmóòtù wá dà? Wọ́n wá a lábẹ́ bẹ́ǹṣì, wọ́n wá a lẹ́yìn fíríìjì, wọn ò rí i. Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, wọ́n ní kí wọ́n dá owó àwọn padà. N18,000 ti fẹ́ẹ́ bá ẹsẹ̀ àwọn oníbàárà jáde nítorí ike kékeré kan.

Kì í ṣe ilé ìwòran bọ́ọ̀lù nìkan lọ̀rọ̀ yìí kàn o. Onígbàjámọ̀ tó gbé tẹlifíṣàn sára ògiri kí àwọn tó ń dúró de orí gígẹ̀ má baà lọ sí ṣọ́ọ̀bù kejì, onídìrí tí fíìmù Yorùbá ń bá a dá àwọn oníbàárà ẹ̀ dúró fún wákàtí mẹ́rin, ìyá olóúnjẹ, ẹni tó ní ilé ọtí, àti ẹni tó ní òtẹ́ẹ̀lì oníyàrá mẹ́wàá, gbogbo wọn ló mọ̀ pé tẹlifíṣàn kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́ lásán níbi iṣẹ́. Ara irinṣẹ́ ni. Ọjọ́ tí kò bá ṣiṣẹ́, owó tó ń wọlé yóò dín kù. Rìmóòtù ló sì sábà máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́ tàbí kó sọnù lára ẹ̀. Ọmọdé á jù ú sínú omi, oníbàárà á jókòó lé e, bátìrì á kú, òṣìṣẹ́ á gbé e síbi tí òun fúnra ẹ̀ kò ní rántí mọ́.

Nínú gbogbo ìdààmú tí a sọ yìí, fóònù kan wà lápò ẹni tó ni ilé ìwòran náà. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé fóònù ọ̀hún gan-an lè ṣe iṣẹ́ rìmóòtù tí gbogbo ilé ń wá. Àmọ́ tí kò bá tíì múra ẹ̀ sílẹ̀ kí ọjọ́ náà tó dé, fóònù kò ní lè gbà á sílẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ kí ẹ̀yin oníṣòwò fara balẹ̀ ka ọ̀rọ̀ yìí, kí ẹ mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́, irú fóònù àti tẹlifíṣàn tó bá a mu, àti ewu tó wà níbẹ̀.

Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń wá ọ̀nà ẹ̀

Nígbà tí WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ n'Íbàdàn lọ́jọ́ 31, oṣù kẹwàá, ọdún 1959, ẹni tó bá fẹ́ dín ohùn tẹlifíṣàn kù sábà máa ń dìde lọ síbi tó wà, kó fọwọ́ yí kókó tó wà lára ẹ̀. Àmọ́ ní Amẹ́ríkà, wọ́n ti ń dá ọgbọ́n sí i ṣáájú ìgbà yẹn. Lọ́dún 1950, iléeṣẹ́ Zenith tó wà ní Chicago gbé rìmóòtù kan jáde tí wọ́n pè ní Lazy Bones, ìyẹn ni pé ti ọ̀lẹ ni. Wáyà gígùn ló so ó mọ́ tẹlifíṣàn, wáyà náà sì ń kọ́ àwọn èèyàn lẹ́sẹ̀ nínú ilé.

Lọ́dún 1955, ọ̀gbẹ́ni Eugene Polley tó ń bá iléeṣẹ́ náà ṣiṣẹ́ ṣe èyí tí kò ní wáyà, Flash-Matic lorúkọ ẹ̀. Bíi tọ́ọ̀ṣì ló rí, èèyàn á tan ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ sí igun tẹlifíṣàn, tẹlifíṣàn á sì ṣe ohun tó fẹ́. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé bí oòrùn bá ràn sójú tẹlifíṣàn, oòrùn náà lè bẹ̀rẹ̀ sí í yí ìkànnì. Lọ́dún 1956, Robert Adler gbé Space Command jáde fún iléeṣẹ́ kan náà. Ohùn tí etí èèyàn kò lè gbọ́ ni ìyẹn ń lò. Irú ẹ̀ ni wọ́n lò fún nǹkan bí ọdún márùndínlọ́gbọ̀n kí èyí tó ń lo ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò rí tó gba ipò lọ́wọ́ ẹ̀ láàárín ọdún 1980 sí i. Ìmọ́lẹ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ rìmóòtù ń lò títí dòní.

Lọ́dún 2013 ni ọ̀rọ̀ kan fóònù dáadáa. Samsung Galaxy S4 àti HTC One jáde lọ́dún náà, àwọn méjèèjì sì ní iná kékeré yìí lórí. Lọ́dún yẹn kan náà, Google ṣe Android 4.4 lọ́nà tí áàpù yòówù fi lè lo iná náà bí ó bá wà lára fóònù. Nígbà tó yá, Samsung yọ ọ́ kúrò lára àwọn fóònù ńláńlá wọn. Apple kò tilẹ̀ fi sára iPhone rí. Àmọ́ Xiaomi kò fi í sílẹ̀, Infinix àti Tecno tó pọ̀ lọ́wọ́ àwọn èèyàn wa náà sì ti fi sára àwọn kan nínú tiwọn, bíi Infinix Note 40 àti Tecno Camon 30.

Ọ̀nà méjì ló wà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ọ̀nà méjì ni fóònù lè gbà di rìmóòtù, ẹni tí kò bá sì mọ ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì ni yóò máa gba áàpù lórí áàpù sórí fóònù tí kò ní rí èyí tó ṣiṣẹ́.

Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni ti ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò rí, èyí tí àwọn tó ń ta fóònù ń pè ní infrared. Bí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì, iná kékeré tó wà lórí fóònù á máa ṣẹ́jú kíákíá, ó lè ṣẹ́jú tó ẹgbẹ̀rún méjìdínlógójì ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bó ṣe ń ṣẹ́jú ni àmì tí tẹlifíṣàn ń kà. Oníkálukú iléeṣẹ́ ló ní àmì tirẹ̀, ìyẹn ni rìmóòtù LG kì í fi í pa tẹlifíṣàn Samsung. Iṣẹ́ áàpù ni láti kó àmì àwọn iléeṣẹ́ wọ̀nyí pọ̀ sójú kan. Ohun tó dára nínú ọ̀nà yìí ni pé kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì, kò nílò Wi-Fi, tẹlifíṣàn kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ìgbàlódé dandan. Tẹlifíṣàn àtijọ́ tó ní ẹ̀yìn gbàgà, tí ó bá ṣáà ti ní rìmóòtù tẹ́lẹ̀, lè gbọ́ ọ. Dìkódà náà ń gbọ́ ọ, fáànù àti ẹ̀rọ amúlétutù tó ń lo rìmóòtù náà ń gbọ́ ọ. Àléébù ẹ̀ ni pé fóònù gbọ́dọ̀ dojú kọ tẹlifíṣàn, ìmọ́lẹ̀ ọ̀hún kì í sì í la ògiri kọjá.

Ọ̀nà kejì ni ti Wi-Fi. Tẹlifíṣàn tó lè lo íntánẹ́ẹ̀tì nìkan lèyí wà fún, ìyẹn èyí tí àwọn ọlọ́jà ń pè ní smart TV. Fóònù yòówù ló sì lè lò ó, iPhone náà wà níbẹ̀. Bí fóònù àti tẹlifíṣàn bá ti wà lórí Wi-Fi kan náà, áàpù tí iléeṣẹ́ tó ṣe tẹlifíṣàn gbé jáde á mú kí àwọn méjèèjì máa bára wọn sọ̀rọ̀. Ẹ lè wà nídìí kántà lẹ́yìn ògiri kí ẹ sì máa dín ohùn ẹ̀ kù. Bí ẹ bá fẹ́ wá fíìmù lórí YouTube, ẹ lè fi fóònù tẹ orúkọ ẹ̀ dípò kí ẹ máa fi rìmóòtù ṣa lẹ́tà kọ̀ọ̀kan.

Ìbéèrè mẹ́ta ló yẹ kí ẹ bi ara yín. Ṣé fóònù mi ní infrared? Ṣé tẹlifíṣàn mi lè lo Wi-Fi? Dìkódà ni mo fẹ́ máa fi yí ìkànnì àbí tẹlifíṣàn? Bí fóònù kò bá ní infrared, tí tẹlifíṣàn náà kò sì lè lo Wi-Fi, kò sí áàpù kan láyé tó lè ṣiṣẹ́ náà, ohun yòówù tí wọ́n ì báà kọ síwájú ẹ̀. Ẹni tó bá wà nírú ipò yìí lè ra rìmóòtù tó ń bá oríṣiríṣi tẹlifíṣàn ṣiṣẹ́. Ó sì lè ra ohun kékeré kan tí wọ́n ń kì bọ ibi tí wọ́n ti ń ṣáàjì fóònù, tí yóò máa tan ìmọ́lẹ̀ náà fún un.

Ní ti dìkódà, ẹ fi sọ́kàn pé áàpù tẹlifíṣàn tó ń lo Wi-Fi kò sábà lè yí ìkànnì dìkódà. Infrared ni dìkódà ń retí. Àwọn mìíràn sì ti gba áàpù MyDStv tàbí MyGOtv sórí fóònù, wọ́n rò pé rìmóòtù ni. Owó oṣù ni wọ́n fi ń san lórí ẹ̀, wọ́n sì fi ń yanjú ìṣòro tó bá yọjú lórí àkántì wọn. Kì í ṣe rìmóòtù.

Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá bátìrì ni

Kí ẹ tó sọ pé rìmóòtù yín ti bàjẹ́, fóònù yín lè sọ òótọ́ fún yín láì náwó kankan. Ẹ ṣí kámẹ́rà fóònù, kí ẹ lo èyí tó wà níwájú, èyí tí ẹ fi ń ya ara yín. Ẹ dojú rìmóòtù kọ ọ́, kí ẹ tẹ bọ́tìnnì kan, kí ẹ máa wo ojú fóònù. Bí ẹ bá rí iná kékeré tó ń ṣẹ́jú, tí àwọ̀ ẹ̀ funfun tàbí tó jọ àlùkò, rìmóòtù yín ń ṣiṣẹ́, ara tẹlifíṣàn ni kí ẹ ti wá wàhálà. Bí ẹ kò bá rí nǹkan kan, ẹ pààrọ̀ bátìrì, kí ẹ tún un dán wò. Àmọ́ ẹ rántí pé Bluetooth ni rìmóòtù àwọn tẹlifíṣàn tuntun kan ń lò, irú wọn lè má tan iná náà bó tilẹ̀ jẹ́ pé ara wọn dá ṣáṣá.

Bí ẹ ṣe máa ṣe é

Bí ẹ bá fẹ́ lo infrared, ẹ wo etí òkè fóònù yín. Ojú dúdú kékeré kan máa ń wà níbẹ̀, tí kì í ṣe ihò tí wọ́n ń kì wáyà etí bọ̀. Lórí fóònù Xiaomi, áàpù tí wọ́n ń pè ní Mi Remote ló wà fún un. Àwọn fóònù mìíràn tó ní infrared náà sábà máa ń gbé áàpù tiwọn wá láti iléeṣẹ́, nítorí náà ẹ wá a lórí fóònù yín kí ẹ tó lọ gba òmíràn. Ẹ ṣí i, kí ẹ yan tẹlifíṣàn, kí ẹ sì yan orúkọ iléeṣẹ́ tó ṣe é. Áàpù á ní kí ẹ tẹ bọ́tìnnì kan, á sì bi yín bóyá tẹlifíṣàn gbọ́. Bí kò bá gbọ́, ẹ sọ pé rárá, á gbé àmì mìíràn wá. Ẹ má tètè sú o, nítorí iléeṣẹ́ kan lè ní àmì tó pọ̀. Bí orúkọ tẹlifíṣàn yín kò bá sí níbẹ̀, ẹ dán orúkọ àwọn mìíràn wò, nítorí ẹ̀rọ inú àwọn tẹlifíṣàn kan jọra bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ ara wọn yàtọ̀.

Bí Wi-Fi lẹ fẹ́ lò, orúkọ tẹlifíṣàn yín ni yóò sọ áàpù tí ẹ máa gbà. SmartThings ni ti Samsung. LG ThinQ ni ti LG. Hisense tó ń lo VIDAA, áàpù VIDAA ni tiẹ̀. Àwọn tẹlifíṣàn tí wọ́n kọ Google TV tàbí Android TV sí lára, áàpù Google TV ni kí ẹ gbà, ó sì wà fún iPhone náà. Ẹ so tẹlifíṣàn àti fóònù mọ́ Wi-Fi kan ṣoṣo, kí ẹ ṣí áàpù náà, á wá tẹlifíṣàn rí. Lórí ọ̀pọ̀ tẹlifíṣàn, nọ́ńbà kan á yọ lójú ẹ̀, ẹ ó tẹ ẹ́ sórí fóònù, ó parí.

Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kọsẹ̀. Kí tẹlifíṣàn tó lè wọ orí Wi-Fi nígbà àkọ́kọ́, rìmóòtù lẹ máa fi ṣe é. Nítorí náà, ẹni tó bá dúró di ọjọ́ tí rìmóòtù sọnù kó tó gba áàpù ti pẹ́ jù. Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ìgbà tí rìmóòtù ṣì wà lọ́wọ́ yín ni kí ẹ ṣe é, kódà ẹ ṣe é lónìí. Bó bá ti sọnù ná, ẹ fọwọ́ wá abẹ́ tẹlifíṣàn tàbí ẹ̀yìn ẹ̀, bọ́tìnnì kan sábà máa ń wà níbẹ̀ tí ẹ lè fi tàn án, tí ẹ sì lè fi yan ibi tí dìkódà wà. Ọ̀pọ̀ tẹlifíṣàn ìgbàlódé náà máa ń gba máòsì kọ̀ǹpútà bí ẹ bá kì í bọ ihò USB tó wà lẹ́yìn wọn.

Ọ̀rọ̀ dátà àti iná

Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ni kò ní Wi-Fi tó dúró sójú kan. Fóònù lẹ fi ń pín dátà, ìyẹn hotspot, tàbí MiFi. Fífi fóònù darí tẹlifíṣàn kì í jẹ dátà fúnra ẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ tí fóònù ń bá tẹlifíṣàn sọ kò kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù. Ẹ lè so tẹlifíṣàn mọ́ hotspot fóònù yín, kí ẹ sì tún fi fóònù náà darí ẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ó máa ń ṣiṣẹ́, ẹ dán tiyín wò.

Àmọ́ ẹ ṣọ́ra. Bí tẹlifíṣàn ìgbàlódé bá ti rí íntánẹ́ẹ̀tì, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àtúnṣe ara ẹ̀, kó máa gba áàpù tuntun, kó sì gbé dátà yín mì láàárín wákàtí kan láìsí pé ẹnikẹ́ni wo fíìmù. Ẹ lọ sínú ètò tẹlifíṣàn náà kí ẹ pa àtúnṣe tó ń ṣe fúnra ẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù Android, ẹ tún lè fi òdiwọ̀n sí iye dátà tí hotspot lè lò. Bó bá dé ibẹ̀, á kú fúnra ẹ̀.

Ní ti iná, bí iná bá lọ, tí ẹ̀rọ Wi-Fi yín kò sí lórí jẹnẹrétọ̀ tàbí bátìrì, fóònù kò ní rí tẹlifíṣàn mọ́, kódà bí tẹlifíṣàn bá ti tàn padà. Ẹ jẹ́ kí àwọn méjèèjì máa gba iná láti ojú kan náà. Bákan náà, bí ẹ bá pa tẹlifíṣàn láti ara ògiri, áàpù Wi-Fi kò lè tàn án.

Ohun tó rọrùn fún yín rọrùn fún oníbàárà náà

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Bí fóònù yín bá lè pa tẹlifíṣàn yín, fóònù ẹni tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì lè pa á pẹ̀lú. Infrared kì í béèrè ẹni tó ni tẹlifíṣàn. Lọ́dún 2004, ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Mitch Altman gbé ohun kékeré kan jáde tó pè ní TV-B-Gone. Bọ́tìnnì kan ṣoṣo ló ní, iṣẹ́ kan ṣoṣo ló sì ń ṣe: ó ń pa tẹlifíṣàn ní gbangba, níbi oúnjẹ àti níbi ọtí. Àmì oríṣiríṣi tẹlifíṣàn ló ń tàn lẹ́sẹẹsẹ títí èyí tó wà níwájú ẹ̀ á fi kú. Lónìí, ẹni tó bá ní fóònù tó ní infrared lápò lè ṣe irú ẹ̀. Ẹ wo ohun tó lè ṣẹlẹ̀ bí ẹnì kan tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ẹ̀ ń jìyà bá pa tẹlifíṣàn nígbà tó ku ìṣẹ́jú méjì kí bọ́ọ̀lù parí. Ìjà lè bẹ́ sílẹ̀, àga lè fọ́, ẹ̀yin lẹ ó sì gbé àdánù náà.

Ìwòsàn ẹ̀ kò wọ́n. Ẹ wá ojú kékeré dúdú tó wà níwájú tẹlifíṣàn àti dìkódà, èyí tí rìmóòtù ń bá sọ̀rọ̀, kí ẹ fi téèpù dúdú tí àwọn oníṣẹ́ iná ń lò bò ó nígbà tí bọ́ọ̀lù bá bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ yí nǹkan padà, ẹ ṣí téèpù náà. Ẹni tí tẹlifíṣàn ẹ̀ ní Wi-Fi lè fi téèpù náà sílẹ̀ níbẹ̀ títí, kó máa fi áàpù darí ẹ̀. Ẹ tún rántí ọ̀rọ̀ oòrùn tó da Flash-Matic láàmú lọ́dún 1955. Bí oòrùn ọ̀sán bá ń ràn tààrà sójú kékeré náà, rìmóòtù àti fóònù lè má rí i bá sọ̀rọ̀ dáadáa títí dòní. Ẹ gbé tẹlifíṣàn síbi tí òjìji wà.

Wi-Fi náà ní ewu tiẹ̀. Ẹ̀yin tó ń fún oníbàárà ní Wi-Fi ọ̀fẹ́ kí wọ́n lè pẹ́ nílé ọtí tàbí ní òtẹ́ẹ̀lì yín, ẹ má fi tẹlifíṣàn sórí Wi-Fi kan náà. Ẹnikẹ́ni tó bá wà lórí Wi-Fi tí tẹlifíṣàn wà lè gbìyànjú láti ju fídíò láti orí fóònù ẹ̀ sójú tẹlifíṣàn yín. Ẹ ro ohun tí ojú àwọn ọmọdé tó bá òbí wọn wá jẹun lè rí. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ Wi-Fi ló lè ṣe Wi-Fi méjì, ọ̀kan fún àlejò, ọ̀kan fún iṣẹ́. Ẹ ní kí ẹni tó bá yín fi í síbẹ̀ ṣe é. Bí òṣìṣẹ́ tó ní áàpù náà lórí fóònù bá sì fi iṣẹ́ sílẹ̀, ẹ pààrọ̀ páásìwọ́ọ̀dù Wi-Fi lọ́jọ́ náà, bí ẹ ṣe máa gba kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ ẹ̀.

Fóònù tí owó yín wà lórí ẹ̀ kọ́ ni kí ẹ fi ṣe é

Èyí tó ṣe pàtàkì jù lọ la fi sẹ́yìn. Lórí fóònù ọ̀pọ̀ oníṣòwò ni áàpù báǹkì wà, orí ẹ̀ ni wọ́n ti ń wò ó bóyá owó tí oníbàárà fi ránṣẹ́ ti wọlé, orí ẹ̀ ni nọ́ńbà àṣírí tí báǹkì ń fi ránṣẹ́ ń wọlé sí. Áàpù rìmóòtù tí àwọn tí a kò mọ̀ rí ṣe sì pọ̀ lóde. Àwọn kan kò ní ju ìpolówó lọ. Àwọn mìíràn á ní ọ̀fẹ́ ni fún ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n á gba nọ́ńbà káàdì báǹkì yín, wọ́n á sì máa yọ owó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Èyí tó burú jù ni àwọn tó ń fi rìmóòtù bojú láti wọ inú fóònù.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ wọ́n kò le. Rìmóòtù lè tọrọ àyè láti rí àwọn ẹ̀rọ tó wà nítòsí, ó sì lè tọrọ gbohùngbohùn bí ẹ bá fẹ́ máa fi ẹnu wá fíìmù. Kí ni rìmóòtù fẹ́ fi àtẹ̀jíṣẹ́ yín ṣe? Kí ló fẹ́ fi orúkọ àti nọ́ńbà àwọn èèyàn yín ṣe? Bí áàpù bá béèrè fún ìwọ̀nyí, tàbí tó ní kí ẹ ṣí Accessibility fún òun, ẹ yọ ọ́ kúrò lójú ẹsẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń gba áàpù lórí fóònù yín, ìyẹn Play Store tàbí App Store, nìkan ni kí ẹ ti gbà á, kí ẹ sì rí i pé orúkọ iléeṣẹ́ tó ṣe tẹlifíṣàn yín ló wà lábẹ́ ẹ̀. Èyí tí ẹnì kan fi ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp, ẹ má fọwọ́ kàn án.

Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ má tilẹ̀ fi fóònù ọwọ́ yín ṣe rìmóòtù ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀pọ̀ wa ló ní fóònù àtijọ́ kan nílé tí ojú ẹ̀ ti là díẹ̀, tí a kò lò mọ́. Ẹ pa gbogbo ohun tó wà lórí ẹ̀ rẹ́, ẹ yọ SIM kúrò, ẹ má fi áàpù báǹkì kankan síbẹ̀, kí ẹ wá fi áàpù rìmóòtù nìkan sí i. Ẹ fi okùn so ó mọ́ ìdí kántà, kí wáyà ṣáàjì wà lára ẹ̀. Bí ẹ bá lọ ra ọjà, tẹlifíṣàn ṣọ́ọ̀bù kò ní bá yín lọ. Bí ìpè bá wọlé sórí fóònù yín, kò ní dí bọ́ọ̀lù lọ́wọ́. Òṣìṣẹ́ á lè lò ó, kò sì ní rí iye tó wà ní báǹkì yín. Bí fóònù àtijọ́ yín kò bá ní infrared, tí tẹlifíṣàn yín kò sì ní Wi-Fi, ẹ má tìtorí rìmóòtù ra fóònù tuntun. Rìmóòtù ọjà kò wọ́n tó fóònù láéláé.

Iṣẹ́ tún wà nínú ọ̀rọ̀ yìí fún àwọn tó bá lójú inú. Ẹni tó ń tún fóònù ṣe ládùúgbò, tàbí ẹni tó ń fi dìkódà sílé fún àwọn èèyàn, lè fi èyí kún iṣẹ́ ẹ̀: kó bá onílé ọtí so áàpù mọ́ tẹlifíṣàn, kó pa àtúnṣe tó ń jẹ dátà, kó ya Wi-Fi àlejò sọ́tọ̀, kó sì gba owó iṣẹ́ ẹ̀. Ọ̀pọ̀ tó ní tẹlifíṣàn ìgbàlódé kò mọ ìdá mẹ́rin ohun tó lè ṣe.

Kí ẹ má baà gbàgbé, ẹ fi rìmóòtù tòótọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni àkọ́kọ́, kí fóònù jẹ́ igbákejì ẹ̀. Ẹ ṣètò ẹ̀ nígbà tí ara rọ̀. Ẹ dán an wò lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, bóyá ní àárọ̀ Sátidé kí àwọn èèyàn tó dé. Ẹ pa iná, kí ẹ tan jẹnẹrétọ̀, kí ẹ wò ó bóyá fóònù ṣì ń rí tẹlifíṣàn. Bí “No Signal” bá wá yọ lójú ẹ̀ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, tí rìmóòtù sì ti fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, ẹ ó kàn nawọ́ sí ìdí kántà ni, N18,000 yín á sì wà níbi tó wà.